Hóró Iyọ̀ Lórí Apá Bàálù

Ẹni tí ó bá ti sùn ní Ẹ̀sà-Òkè nígbà ọyẹ́ rí, kò ní gbàgbé àárọ̀ ọjọ́ kejì. Òkè ló yí ìlú ká. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wá láti ìhà àríwá, àfẹ̀mọ́jú ìlú tí Ọwámirán jọba lé lórí yìí a máa mú bí ẹni pé wọ́n da omi tútù síni lẹ́yìn. Ètè a bẹ́, ẹsẹ̀ a funfun, àwọn ìyá àgbà a jókòó ti iná. Ní gáréèjì, kí dírẹ́bà tí ó ń lọ sí Iléṣà tó ṣíná sí ọkọ̀, yóò kọ́kọ́ mú àkísà, yóò fi nu ìrì àti eruku kúrò lójú gíláàsì. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ó mọ̀ pé bí òun kò bá rí iwájú, kọ́nà àkọ́kọ́ lábẹ́ òkè ni òun àti èrò ọkọ̀ yóò ti jọ kàgbákò.

Ìrì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ti Ẹ̀sà-Òkè kò le: oòrùn aago mẹ́jọ ti tó o. Ti ìlú òtútù ni ó léwu, níbi tí ìrì kì í ti í dúró bí omi, tí ó ń gan, tí ó ń funfun, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ohunkóhun tí ó bá sun ìta. Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ti fún un lórúkọ tipẹ́: ìrì dídì. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n wà ní Birmingham, ní Chicago àti ní Toronto kò nílò ìtumọ̀. Ìrì dídì ni wọ́n máa ń fi ike ha kúrò lójú gíláàsì mọ́tò láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́. Bí wọn kò bá rí ike, káàdì báńkì a ṣe é.

Bí ó bá wà lára mọ́tò, ìyà tí ó lè fi jẹni kò ju pé kéèyàn pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Bí ó bá wà lórí apá bàálù kékeré tí ó fẹ́ gbéra, ó lè pa gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó ka ọgbọ̀n.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní Birmingham

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní ọdún 2002, bàálù kékeré kan, Challenger 604, balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Irú bàálù tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi ń gbé àwọn ọ̀gá wọn káàkiri ni. Ìta gbangba ni ó sùn. Òtútù òru náà lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n 9 nísàlẹ̀ òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n fi omi oògùn fọ àwọn bàálù mìíràn tí wọ́n jọ sun ìta ní pápá náà, kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n gbéra. Ẹnikẹ́ni kò fọ Challenger yìí. Ẹ̀rọ tí ń gba ohùn àwọn awakọ̀ sílẹ̀ fi hàn lẹ́yìn náà pé wọ́n mẹ́nu ba ìrì dídì tí ó wà ní etí apá. Wọ́n mẹ́nu bà á, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ní kété lẹ́yìn aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n sáré gbéra, wọ́n kọrí sí Bangor ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Bí ẹsẹ̀ bàálù ti kúrò nílẹ̀ báyìí, ó dà sí òsì. Awakọ̀ yí ọwọ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún pátápátá, bàálù kò gbọ́. Ṣóńṣó apá òsì ha ilẹ̀, bàálù dojú dé, iná sọ. Àwọn márààrún tí wọ́n wà nínú rẹ̀ ni wọ́n kú.

Àwọn olùwádìí jàǹbá òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá ìdí ọ̀rọ̀ náà kàn. Bàálù yìí ní ẹ́ńjìnì kékeré kan nídìí tí ó máa ń fún un ní iná mànàmáná nígbà tí ó bá dúró. Atẹ́gùn ọjọ́ náà gbé èéfín gbígbóná ẹ́ńjìnì yìí sí apá ọ̀tún, ó sì yọ́ lára ìrì dídì tí ó wà níbẹ̀. Apá òsì kò rí ooru kankan gbà. Nígbà tí bàálù gbéra, apá kan gbé e, èkejì kò gbé e, ló bá dà sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ní agbára. Wọ́n fi kún un pé ó ṣeé ṣe kí àárẹ̀, àìsùn dáadáa lẹ́yìn ìrìn àjò láti òkè òkun àti oògùn tí èèyàn lè rà láì gba ìwé dókítà ti mú kí ọpọlọ àwọn awakọ̀ náà má jí pépé. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ ṣáájú nìyí: àwọn awakọ̀ kò rí i dájú pé apá mọ́ kí wọ́n tó gbéra.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀

Ẹni tí ó bá ní ilé páànù mọ bí ìrì ṣe ń débẹ̀. Òjò kò rọ̀ lóru, síbẹ̀ omi ń kán tó tó tó létí òrùlé ní ìdájí. Páànù a máa tú ooru rẹ̀ sójú sánmà lóru, pàápàá bí kùrukùru kò bá sí lókè tí yóò bò ó bí aṣọ ìbora. Ara rẹ̀ a wá tutù ju afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká lọ. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a bà lé e, a sì di omi.

Bí apá bàálù ṣe rí náà nìyẹn. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ojú ọ̀run ló kọjú sí láti alẹ́ mọ́jú. Ní ìlú òtútù, ara rẹ̀ lè lọ sísàlẹ̀ òdo nígbà tí afẹ́fẹ́ kò tíì débẹ̀. Ọ̀rinrin tí ó bá bà lé e kò tilẹ̀ ní di omi rárá. Yóò di yìnyín lẹ́ẹ̀kan náà, hóró hóró, funfun, bí ẹni fọ́n iyọ̀ sórí àtẹ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ pé òtútù kò dé òdo lálẹ́ àná, tí ó sì tìtorí ìyẹn gbà pé apá bàálù òun mọ́, ara rẹ̀ ló ń tàn.

Kí ni hóró wọ̀nyí ń ṣe fún bàálù? Gbogbo wa la ti na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé mọ́tò rí nígbà èwe, kí ìyá wa tó pariwo lé wa lórí. Bí ọwọ́ bá tẹ́, afẹ́fẹ́ a kọjá wẹ́rẹ́. Bí a bá gbé iwájú rẹ̀ sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé ọwọ́ náà sókè. Bí a bá gbé e jù, afẹ́fẹ́ a kàn gbá a sẹ́yìn. Lórí ìwọ̀n yìí ni bàálù ń gbé. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ yọ̀ kọjá lórí ẹ̀yìn apá, kí ó sì lẹ̀ mọ́ ọn títí dé ìparí. Bí awakọ̀ bá gbé imú bàálù sókè ju bó ṣe yẹ lọ, afẹ́fẹ́ a já kúrò lẹ́yìn apá, a máa yí kiri bí omi lẹ́yìn òkúta odò, apá a sì di irin lásán.

Apá tí ó ń dán lè gba imú sókè dáadáa kí afẹ́fẹ́ tó já. Ìrì dídì a sọ apá yẹn di ewé ìpín, ewé háhá tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán igi. Afẹ́fẹ́ kò rí ibi yọ̀ mọ́. Kíá ni ó ń já. Àjọ tí ń mójú tó òfurufú ní Amẹ́ríkà sọ pé ìrì dídì tí ó háhá bíi sáńpépà lásán lè gba ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí apá fi ń gbé bàálù, kí ó sì fi ìdá 40 kún agbára tí ń fà á sẹ́yìn. Àjọ tí ń wádìí jàǹbá ní orílẹ̀-èdè kan náà tilẹ̀ kìlọ̀ pé hóró yìnyín tí kò ju hóró iyọ̀ ìsebẹ̀ lọ, tí ó fọ́nká ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan lórí ibi tí kò fẹ̀ ju èékánná ìka kékeré lọ, tó láti má jẹ́ kí bàálù lè gbéra. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ibi tí ó burú sí ni pé bàálù kì í fi nǹkan kan han awakọ̀ nígbà tí ó bá ń sáré lórí ilẹ̀. Ẹ́ńjìnì ń ké bó ṣe ń ké, eré ń pé bó ṣe ń pé. Nígbà tí ó bá gbé imú sókè láti fò ni àṣírí ń tú. Ilẹ̀ gan-an tún lọ́wọ́ nínú ìtànjẹ náà. Afẹ́fẹ́ tí ó há sí àárín apá àti ilẹ̀ máa ń ti bàálù lẹ́yìn díẹ̀, ó lè gbé e kúrò nílẹ̀ bí ẹni pé kò sí láburú. Bí ó bá ti gòkè kúrò níbi tí ìrànlọ́wọ́ yẹn mọ, tí kò ju ìwọ̀n gígùn apá rẹ̀ méjèèjì lọ, kò sí ohun tí ó gbé e ró mọ́. Kò sì tíì ga tó kí awakọ̀ lè tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ kí ó fi gba eré kún eré. Ẹ̀rọ tí ó yẹ kí ó kìlọ̀ fún un, apá tí ó mọ́ ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀. Ní Birmingham, apá ti kú kí ẹ̀rọ yẹn tó lè gba wọ́n.

Kí ló dé tí ó fi jẹ́ bàálù kékeré?

Bàálù ńlá náà lè kó sínú ewu yìí, ṣùgbọ́n ó ní àwọn tí ń bá a ṣọ́ra. Ní pápá ńlá, ọkọ̀ onípáǹpù dúró wámúwámú, àwọn òṣìṣẹ́ ń fi omi oògùn gbígbóná wẹ̀ ẹ́, òmíràn wà tí ó ki bí ẹ̀kọ tí wọ́n ń dà lé e kí yìnyín má baà tún bà á. Etí iwájú apá ọ̀pọ̀ bàálù ńlá sì ṣeé nà jáde nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gbéra, ìyẹn sì máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lẹ̀ mọ́ apá pẹ́. Apá bàálù kékeré púpọ̀ kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ló ṣe wà. Ìta ni ó ń sùn ní pápá abúlé tí kò sí ọkọ̀ onípáǹpù. Awakọ̀ rẹ̀ nìkan ni awakọ̀, òun náà ni mẹkáníìkì, òun ni yóò gbé ẹrù èrò, òun ni èrò ń wojú rẹ̀ pé aago ti lọ.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 2004, Cessna Caravan kan, bàálù ẹlẹ́ńjìnì kan ṣoṣo, gbéra láti erékùṣù Pelee ní Kánádà. Yìnyín wà lára apá, ẹrù àti èèyàn sì ju ohun tí ó yẹ kí ó gbé lọ. Inú adágún Erie tí ó ti dì ni ó já sí. Àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tí wọ́n wà nínú rẹ̀ kò yè é. Lóṣù Kọkànlá ọdún yẹn kan náà, ní Baotou ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìrì dídì tí ó bà lé apá bàálù elérò 50 kan mọ́jú ló gbé e ṣubú sínú ọgbà ìtura kan. Èèyàn 55 ló kú, méjì nínú wọn jẹ́ ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ jẹ́jẹ́ wọn.

Lẹ́yìn irú ìṣẹ̀lẹ̀ báwọ̀nyí, òfin yí padà. Èyí tí ó yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin Amẹ́ríkà gba àwọn bàálù kékeré kan láyè láti gbéra pẹ̀lú ìrì dídì lápá, bí awakọ̀ bá ṣáà ti fi nǹkan dán an kí ó lè jọ̀lọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni: kì í ṣe kí ó kó o kúrò, kí ó kàn dán an. Ìparí oṣù Kìíní ọdún 2010 ni wọ́n tó fagi lé àyè yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2005, wọ́n ti pàṣẹ pé nígbà òtútù, awakọ̀ Cessna Caravan àti ti ìdílé Challenger gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan apá kí ó tó gbéra. Ojú nìkan kò tó. Apá Caravan ga ju orí èèyàn lọ, nítorí náà wọ́n ní kí wọ́n kan irin ìdìmú kan mọ́ ara rẹ̀ tí awakọ̀ yóò fi gòkè. Àwọn àgbà ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Ti apá bàálù yàtọ̀: yìnyín tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì kò ṣeé fi ojú rí. Ọwọ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀bi tí ó lẹ̀ mọ́ ọkùnrin kan

Kò sí abúlé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí èèyàn kò ti ní rí aṣọ Manchester United. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wọ̀ ọ́ ti gbọ́ nípa Munich, pé ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kejì ọdún 1958, bàálù tí ń kó ẹgbẹ́ náà bọ̀ láti Belgrade já nígbà tí ó gbìyànjú láti gbéra lẹ́ẹ̀kẹta, tí èèyàn 23 sì kú, mẹ́jọ nínú wọn jẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí wọn kì í sábà gbọ́ ni ìjà tí ó tẹ̀lé e.

Àwọn olùwádìí Jámánì sọ pé yìnyín orí apá ni, pé James Thain, awakọ̀ àgbà, kò ní kí wọ́n fọ bàálù náà. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá ṣiṣẹ́ lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà pé apá òun mọ́, pé omi àti òjò dídì tí ó pò pọ̀ bí ẹrẹ̀ lójú ọ̀nà ìsáré ni ó gba eré bàálù. Ní ọdún 1969, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a láre. Ìdáláre náà ti pẹ́ jù. Kò padà sídìí iṣẹ́ náà mọ́, ó sì kú ní ọdún 1975. Mo mú un wá síbí nítorí pé ìrì dídì kì í dúró jẹ́rìí. Iná lè yọ́ ọ, òjò dídì mìíràn lè bò ó, àwọn tí ń sáré gbani là lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ẹ̀rí rẹ̀ ṣe kedere kò ju ìgbà tí bàálù ṣì dúró lọ, tí ẹnì kan sì lè gbé ọwọ́ lé e.

Àwọn tí wọ́n rí i, tí wọn kò sọ

Èyí tí ó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní Dryden ní Kánádà, ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹta ọdún 1989. Fokker F28 ni bàálù náà, èèyàn 69 ló wà nínú rẹ̀. Òjò dídì ń bọ́ sórí apá bí ó ti dúró gba epo. Èrò ń wò ó lójú fèrèsé. Awakọ̀ bàálù méjì tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà jókòó láàárín èrò. Àwọn náà rí i. Obìnrin kan nínú àwọn tí ń tọ́jú èrò rí i pẹ̀lú. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lọ kan ilẹ̀kùn awakọ̀. Bàálù gbéra díẹ̀, ó kó sínú igbó, èèyàn 24 kú.

Adájọ́ Virgil Moshansky tí ó wádìí ọ̀rọ̀ náà bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi dákẹ́. Àwọn kan rò pé awakọ̀ ti mọ̀. Àwọn kan gbà pé wọn yóò fọ bàálù náà kí ó tó gbéra. Obìnrin tí ń tọ́jú èrò, tí orí kó yọ, jẹ́rìí pé àwọn awakọ̀ kì í fẹ́ kí irú àwọn máa bá wọn dá sí iṣẹ́ wọn.

Àwa Yorùbá mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn dáadáa. "Ta ni mo jẹ́ tí màá sọ fún ọ̀gá?" "Àgbà ló ń wà á, ó mọ ohun tó ń ṣe." Ọmọ tí a bá tọ́ dáadáa nílé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n ìran kan náà ló ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó rí i ni àgbà lọ́jọ́ yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Orí ọmọ tí ó wọ́ kò béèrè ẹni tí ó tọ́ ọ.

Ti ilé wa

Ẹnì kan lè ní: kí ló kàn wá? Ìrì kì í dì ní Ẹ̀sà-Òkè. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2013, ní pápákọ̀ Ìkẹjà. Embraer 120, bàálù kékeré oníabẹ̀bẹ̀ méjì ti ilé-iṣẹ́ Associated Airlines, fẹ́ gbé òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀, lọ sí Àkúrẹ́ fún ìsìnkú. Bàálù náà kò tíì kúrò nílẹ̀ tí ohùn ẹ̀rọ inú rẹ̀ ti ń kígbe fún àwọn awakọ̀ pé flaps, ìyẹn àwọn pátákó ẹ̀yìn apá tí ń ràn án lọ́wọ́ láti gbéra, kò sí ní ipò tí ó yẹ. Abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì ọ̀tún kò yí bó ṣe yẹ. Wọn kò dúró. Bàálù gbéra, afẹ́fẹ́ já lẹ́yìn apá, ó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá náà. Nínú 20 èèyàn tí wọ́n wà nínú rẹ̀, 16 ló kú, Dèjì Fálaè, kọmíṣọ́nnà àṣà àti ìrìn àjò afẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, sì wà lára wọn. Wọ́n ń lọ sin òkú, wọ́n di òkú.

Kò sí ìrì dídì ní Ìkẹjà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni ikú gbà wọlé: apá tí kò ṣetán, ìkìlọ̀ tí ó dún, ẹni tí kò dá bàálù dúró. Àwọn olùwádìí wa kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpinnu láti máa sáré lọ nígbà tí ẹ̀rọ ti ń kọ̀ ni ìdí jàǹbá náà, wọ́n sì fi kún un pé àwọn awakọ̀ kò ṣiṣẹ́ pọ̀ bó ṣe yẹ.

Yàtọ̀ sí èyí, yìnyín ń dé ilẹ̀ wa gan-an, ọ̀nà tí ó ń gbà wá ni a kò fura sí. Inú apá ni bàálù ń gbé epo sí. Lókè lọ́hùn-ún, òtútù a máa lọ sí bí ìwọ̀n 50 nísàlẹ̀ òdo, epo náà a sì tutù wọnú eegun. Nígbà tí bàálù bá balẹ̀ sí Èkó, nínú ooru tí èèyàn ti ń làágùn, ọ̀rinrin etí òkun a bà lé apá tútù yẹn, a sì lè dì níbi tí epo wà. Àwọn mẹkáníìkì ìlú olóoru mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1991, yìnyín tí irú epo tútù bẹ́ẹ̀ bí fọ́ kúrò lórí apá bàálù kan ní Sweden, ó kó sínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ méjèèjì, ó sì pa wọ́n. Orí ló kó èèyàn 129 tí wọ́n wà nínú rẹ̀ yọ. Kò sí ẹyọ kan tí ó kú.

Ẹ tún wo àwọn ọmọ wa. Láti ọdún 1964 ni ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ti wà ní Zaria. Nílẹ̀ Yorùbá, òmíràn wà ní Ìlọrin. Ọmọ tí ó bá kọ́ bàálù wíwà níbẹ̀ lè gba ìwé ẹ̀rí láì rí ìrì dídì rí yàtọ̀ sí inú ìwé. Ó mọ eruku ọyẹ́, ó mọ ìjì òjò. Lọ́jọ́ tí ó bá ríṣẹ́ sí Kánádà, tí ó jí láàárọ̀ tí ó rí bàálù rẹ̀ tí ó funfun lábẹ́ oòrùn, ó lè rò pé ẹwà lásán ni. Èrò náà wà níbẹ̀: àwọn oníṣòwò wa àti àwọn olówó wa ń wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré ní ìlú òtútù báyìí. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kejì ọdún 2024, hẹlikópítà ló já ní aṣálẹ̀ California lálẹ́, nínú òjò tí ó dàpọ̀ mọ́ òjò dídì. Herbert Wigwe, gbajúmọ̀ oníbáńkì ọmọ Nàìjíríà, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀, àti ọmọ Nàìjíríà mìíràn, Abímbọ́lá Ògúnbánjọ, wà lára àwọn mẹ́fà tí wọ́n kú. Ìrì dídì kọ́ ló fa èyí, inú ojú ọjọ́ tí kò dára ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé òtútù ilẹ̀ òkèèrè kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò fún wa mọ́.

Ohun tí ọwọ́ lè ṣe

Ìwòsàn àrùn yìí kò le. Bí ilé ìgbọ́kọ̀sí bá wà, kí bàálù sùn níbẹ̀. Bí kò bá sí, kí wọ́n fi aṣọ bo apá mọ́jú. Bí ìrì bá ti dì, omi oògùn wà, ìgbálẹ̀ onírun múlọ́múlọ́ wà, oòrùn pàápàá wà fún ẹni tí ó bá ní sùúrù. Omi gbígbóná lásán kò bá a mu, nítorí yóò ṣàn wọ inú oríkèé apá, yóò sì tún dì níbẹ̀. Kí awakọ̀ má gbàgbé ìrù, nítorí ìrù ni ó ń mú imú dúró. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, kí ó bọ́ ìbọ̀wọ́, kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra apá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá háhá, kí ó má lọ. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ apá tí yóò fò.

Ìwọ tí o jẹ́ èrò ńkọ́? Bí o bá wà nínú bàálù kékeré níbikíbi, tí o wo ojú fèrèsé tí o sì rí i pé ẹ̀yìn apá funfun, tàbí tí o gbọ́ tí ẹ̀rọ ń kígbe tí kò sẹ́ni tí ó dá a lóhùn, má ronú lórí ọjọ́ orí rẹ. Kí ọ̀gá lọ́nà tí ó yẹ, bí ó bá wù ọ́ kí o kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n sọ ọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, màá tún gbọ́ ìró àkísà lójú gíláàsì ní gáréèjì Ẹ̀sà-Òkè. Èrò a máa kùn pé dírẹ́bà ń fi àkókò ṣòfò, pé ọjà Iléṣà ti kún. Dírẹ́bà kì í dá wọn lóhùn. A nu tọ̀tún, a nu tòsì, a fi ìka wo ibi tí ó kù. Lẹ́yìn náà ni yóò tó wọlé, tí yóò sì ṣíná.